Bí kọ̀ǹpútà bá pààrọ̀ ojú: Ọ̀rọ̀ Linux àti ẹ̀kọ́ tó wà lára Òkè Ìdànrè

Ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, ilé iṣẹ́ Microsoft ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró lórí Windows 10, ìyẹn ètò tó ti ń darí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé láti ọdún 2015. Wọ́n fi àyè ọdún kan sí i sílẹ̀, títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2026, fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, kálukú á máa bá tirẹ̀ lọ.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló kan àgbẹ̀ kòkó tàbí tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìdànrè nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó kàn wọ́n gan-an ni. Láti Odòde dé Aládé títí dé Àtòsìn, ọ̀dọ̀ oníkọ̀ǹpútà ni àwọn òbí ń lọ bí wọ́n bá fẹ́ wo èsì ìdánwò ọmọ wọn. Inú kọ̀ǹpútà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń kọ owó tí oníkálukú dá sí. Inú rẹ̀ ni ilé ìwé ń tọ́jú máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí, inú rẹ̀ náà sì ni àwòrán ìsìnkú bàbá àti ìgbéyàwó ọmọ wà. Bí nǹkan kan bá ṣe kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, kì í ṣe irin lásán ló bàjẹ́. Ìwé owó àti ìtàn ẹbí ló lọ.

Tòkunbọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú àwọn kọ̀ǹpútà wọ̀nyí. Windows 11 tó rọ́pò Windows 10 kì í gba orí kọ̀ǹpútà tó bá ti gbó. Ó ń béèrè ohun èèlò ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, ó sì ń béèrè ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe láti nǹkan bí ọdún 2018 síwájú. Ẹ̀rọ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tí kò ní àléébù kankan, ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sọ di èyí tí kò wúlò mọ́ lójú àwọn tó ṣe ètò náà.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹni tó bá lówó lè ra tuntun. Ẹni tó bá fẹ́ lè máa lo ti àtijọ́ lọ láìsí ààbò, kí ó sì máa bẹ̀rù kòkòrò fáírọ́ọ̀sì tí àwọn ènìyàn ń fi fláàṣì gbé láti ṣọ́ọ̀bù kan dé èkejì. Ọ̀nà kẹta ni ètò tí wọ́n ń pè ní Linux, tí ènìyàn lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, tí ó lè fi sórí kọ̀ǹpútà mẹ́wàá láìsan kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà kẹta yìí ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, pàápàá jù lọ ohun tó máa ń dẹ́rù ba àwọn àgbà níbẹ̀: bí wọ́n ṣe ń gbé e láti ti àtijọ́ bọ́ sí tuntun, àti ohun tí ènìyàn ń ṣe nígbà tí ojú rẹ̀ bá yí padà.

Ta ló ni Linux?

Kì í ṣe ilé iṣẹ́ kan ló ni ín. Ní ọdún 1983, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Richard Stallman, kéde pé òun fẹ́ ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí gbogbo ènìyàn yóò lómìnira láti lò, láti wo inú rẹ̀, láti tún un ṣe, àti láti fún ẹlòmíràn. Ó pe iṣẹ́ náà ní GNU. Ní ọdún 1991, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland, Linus Torvalds, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, kọ apá tó jẹ́ ọkàn ètò náà, ìyẹn apá tó ń bá irin inú kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ṣẹ̀dá orúkọ Linux. Láti ìgbà náà ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn káàkiri ayé ti ń dáwọ́ jọ ṣe é, gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe àáró: ìwọ bá mi ro oko mi lónìí, èmi á bá ọ ro tìrẹ lọ́la.

Ẹni tó bá rò pé òun kò tíì fojú rí Linux rí, kí ó wo fóònù ọwọ́ rẹ̀. Bí fóònù náà bá jẹ́ Android, Linux ni ọkàn rẹ̀. Àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tó ń gbé Google àti Facebook náà, orí Linux ni wọ́n wà. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tí àwọn ọmọdé kan ń fi ṣeré. Ohun tí ayé ń gbára lé ni.

Èyí tó sún mọ́ wa jù lọ nínú onírúurú Linux tó wà ni Ubuntu. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ló dá a sílẹ̀, ọmọ orílẹ̀-èdè South Africa tó ń jẹ́ Mark Shuttleworth, ẹni tó ti fi owó ara rẹ̀ lọ sí òfúrufú lókè lọ́hùn-ún ní ọdún 2002. Oṣù Kẹwàá ọdún 2004 ni Ubuntu àkọ́kọ́ jáde. Ọ̀rọ̀ àwọn Zulu àti Xhosa ni orúkọ náà, ó sì sún mọ́ ohun tí àwa Yorùbá ń sọ nígbà tí a bá ní ènìyàn ni aṣọ mi. Láti ọdún 2005 di ọdún 2011, ilé iṣẹ́ rẹ̀, Canonical, ń fi páálí CD ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá kọ̀wé béèrè, ibi yòówù tí ó bá wà láyé. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní ilẹ̀ wa tí wọn kò lówó dátà nígbà náà, àpótí ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ bá Linux pàdé.

Ìjà tó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 2007

Ọ̀rọ̀ Linux kì í ṣe àjèjì sí ìjọba wa pẹ̀lú. Ní ọdún 2007, wọ́n ṣètò láti ra kọ̀ǹpútà kéékèèké 17,000 fún àwọn ilé ìwé ní Nàìjíríà. Kọ̀ǹpútà Classmate tí ilé iṣẹ́ Intel ṣe ni. Wọ́n ti fẹnu kò pé Linux tí ilé iṣẹ́ Mandriva ti ilẹ̀ Faransé ṣe ni yóò wà lórí wọn. Lójijì ni Mandriva gbọ́ pé wọ́n fẹ́ san owó wọn fún wọn, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ yọ ètò náà kúrò, kí wọ́n sì fi Windows rọ́pò rẹ̀. Ọ̀gá àgbà Mandriva nígbà náà, François Bancilhon, kọ lẹ́tà gbangba sí ọ̀gá Microsoft, Steve Ballmer, ní ìparí oṣù Kẹwàá ọdún náà, ó ń béèrè ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn oníbàárà tí wọ́n fi yí ọkàn padà. Ariwo ta. Lẹ́yìn náà ni àjọ USPF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń náwó sí apá tó pọ̀ jù nínú àwọn kọ̀ǹpútà náà, sọ pé ti Mandriva ni àwọn yóò lò.

Ẹ̀kọ́ wà nínú ìtàn yìí. Ní ọdún 2015, ilé iṣẹ́ Mandriva kógbá sílé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kò bá wọn kú, nítorí pé gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́ sí i. Àwọn tó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ ti gbé e lọ, wọ́n sọ apá kan ní Mageia láti ọdún 2010, apá kejì sì ń jẹ́ OpenMandriva. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín Linux àti ohun tí ẹnìkan ṣoṣo ni nìyẹn. Bí onílẹ̀ bá lé ayálégbé jáde, kò sí ohun tó lè ṣe. Ṣùgbọ́n ilé ẹbí, bí Dáódù bá tilẹ̀ kú, ẹlòmíràn á máa tún òrùlé rẹ̀ ṣe.

Kí ló dé tí a fi ń gbé e sí tuntun?

Àwọn kan wà tí wọ́n ti ń lo Linux láti bí ọdún márùn-ún tàbí mẹ́wàá sẹ́yìn, tí wọ́n máa ń sọ pé ohun tí kò bàjẹ́, kí ni a fẹ́ tún ṣe níbẹ̀? Wọn kò jẹ̀bi ṣáá, ṣùgbọ́n àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sùn. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń wá ihò lára ètò kọ̀ǹpútà, àwọn tó ṣe ètò náà sì ń dí ihò wọ̀nyí bí wọ́n bá ti ń rí wọn. Ètò tó bá ti gbó jù, wọn kì í dí ihò rẹ̀ mọ́. Ẹni tó wá ń kìlọ̀ pé kí o gbé e sí tuntun, tí o ń bá a jà, ṣe bí òròmọdìẹ tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ikú, tó ní wọn ò jẹ́ kí òun lọ ààtàn lọ jẹ̀.

Ó rọrùn láti mọ ọjọ́ orí Ubuntu. Nọ́ńbà rẹ̀ ni ọdún àti oṣù tí wọ́n bí i. Ubuntu 20.04 jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, 22.04 jáde ní oṣù Kẹrin 2022, 24.04 jáde ní oṣù Kẹrin 2024. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní LTS, ọdún méjì méjì ni wọ́n ń jáde, wọ́n sì ń tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọdún márùn-ún lọ́fẹ̀ẹ́. Ti 20.04 parí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ sí i lè gba Ubuntu Pro, tó ń mú ìtọ́jú náà dé ọdún mẹ́wàá, ọ̀fẹ́ sì ni fún ẹni tó bá ń lò ó fún ara rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tí kò ju márùn-ún lọ.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ènìyàn kò lè fò láti 20.04 bọ́ sí 24.04 lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní láti kọ́kọ́ dé 22.04, kí ó sinmi, kí ó rí i pé gbogbo nǹkan ń lọ déédéé, kí ó tó tẹ̀ síwájú. Ẹni tó bá ti gun Òkè Ìdànrè rí yóò yé dáadáa. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ló wà níbẹ̀, ibi ìsinmi márùn-ún sì ni wọ́n ṣe sí ojú ọ̀nà. Ọ̀dọ́ tó bá sáré gòkè láìsinmi, ibi ìsinmi kejì ni yóò ti máa mí hẹlẹ. Àgbà tó bá ń gbẹ́sẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni yóò dé òkè, tí yóò sì tún lágbára láti wo ààfin àtijọ́.

Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nǹkan mẹ́rin ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ gbé Linux sí tuntun ṣe.

Àkọ́kọ́, kí ó da gbogbo fáìlì rẹ̀ kọ síbòmíràn. Kí ó ra fláàṣì ńlá tàbí háàdì dísìkì tó ń wà níta, kí ó da ìwé, àwòrán àti ìṣirò owó sí i. Bí ó bá jẹ́ ìwé ẹgbẹ́ tàbí ti ilé ìwé, kí wọ́n ṣe ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan wà ní ilé ẹlòmíràn. Kí ó sì ṣí díẹ̀ wò nínú ohun tó dà síbẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ó lè dá a lójú pé wọ́n wọlé lóòótọ́.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ iná. Ìgbàgbé-sí-tuntun lè gba wákàtí kan, ó lè gba mẹ́ta. Bí iná bá lọ láàárín, apá kan ètò náà á jẹ́ tuntun, apá kan á jẹ́ àtijọ́, kọ̀ǹpútà náà sì lè kọ̀ láti tan. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lè tún un tò, ṣùgbọ́n kí ló dé tí a ó fi dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún ara wa? Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ṣì dára ló yẹ fún un, tàbí kí jẹnẹrétọ̀ tàbí ẹ̀rọ iná oòrùn wà nítòsí. Ẹni tí bátìrì rẹ̀ ti kú, kí ó má dán an wò nígbà tí òjò ń ṣú.

Ẹ̀kẹta ni owó dátà. Ubuntu 24.04 lódindi tó nǹkan bí GB 6. Linux Mint, èyí tí wọ́n ṣe láti ara Ubuntu, tó nǹkan bí GB 3. Owó kékeré kọ́ nìyẹn fún ẹnìkan. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé kì í ṣe olè ni láti da Linux kọ. Ẹnìkan ṣoṣo lè gbà á sílẹ̀ níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti dára ní Àkúrẹ́, kí ó gbé e sórí fláàṣì GB 8 kan, kí fláàṣì náà sì yí gbogbo Ìdànrè ká láti ilé dé ilé. Òfin fọwọ́ sí i. Àáró tí a sọ lẹ́ẹ̀kan náà ni.

Ẹ̀kẹrin, kí ó wò ó kí ó tó gbé e wọlé. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí ènìyàn bá ki fláàṣì tí Linux wà nínú rẹ̀ bọ kọ̀ǹpútà, ó lè tan kọ̀ǹpútà láti inú fláàṣì náà, kí ó sì lo Linux tuntun láìfọwọ́ kan ohunkóhun tó wà nílẹ̀. Kí ó wò ó bóyá ojú kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀, bóyá ohùn ń jáde, bóyá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti módẹ́ẹ̀mù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ó yọ fláàṣì, kí ó pa kọ̀ǹpútà, kí ó tún un tan. Ti àtijọ́ á wà níbẹ̀ bí ó ṣe wà.

Ní ti agbára kọ̀ǹpútà, Ubuntu 24.04 fẹ́ kí ọpọlọ ìrántí tó GB 4, kí àyè ìkẹ́rùsí sì tó GB 25. Bí ti yín kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè Linux tó fúyẹ́, bí èyí tí wọ́n ń pè ní Xfce. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dán, ṣùgbọ́n kì í wọ́ lórí ẹ̀rọ tó ti dàgbà.

Ìgbà tí ojú rẹ̀ yí padà

Ẹ jẹ́ ká wá sí ibi tí bàtà ti ń ta àwọn ènìyàn lẹ́sẹ̀. Ènìyàn á tẹ bọ́tìnì, á dúró fún wákàtí méjì, kọ̀ǹpútà á tún ara rẹ̀ tan, òun fúnra rẹ̀ á sì wò ó pé: ta ni èyí? Ibi tó máa ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Orúkọ tó mọ̀ ti di àmì róbótó. Àwọn mìíràn á ní wọ́n ti ba kọ̀ǹpútà àwọn jẹ́.

Kì í ṣe àwọn nìkan. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2010, Ubuntu gbé bọ́tìnì tí a fi ń pa fèrèsé iṣẹ́ láti ọwọ́ ọ̀tún lọ sí ọwọ́ òsì. Àríwísí pọ̀ lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, wọn kò sì dá a padà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2011, wọ́n tún fi ojú tuntun kan rọ́pò èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Unity ni wọ́n pè é, ó sì to àwọn àmì iṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ òsì lóòró. Ní oṣù yẹn kan náà, àwọn tó ń ṣe ojú Linux tó gbajúmọ̀ jù lọ, GNOME, gbé ẹ̀kẹta jáde, tó yàtọ̀ sí èkejì bí ọ̀sán ṣe yàtọ̀ sí òru.

Linus Torvalds, ẹni tó bí Linux gan-an, bínú sí GNOME tuntun yìí ní gbangba ní ọdún 2011, ó sì kó lọ sí Xfce. Nígbà tó di ọdún 2013, ó ti padà sórí GNOME, lẹ́yìn tó rí àwọn àfikún kéékèèké tó fi lè tún un ṣe bó ṣe wù ú. Bí ẹni tó dá ọjà sílẹ̀ bá lè ṣìnà nínú ọjà, kí ló dé tí ojú fi ń ti bàbá ẹni àádọ́rin ọdún ní Aládé?

Àwọn mìíràn kò bínú lásán. Wọ́n ṣiṣẹ́ sí i. Ẹnìkan ní orílẹ̀-èdè Argentina mú GNOME kejì tí wọ́n ti pa tì, ó ń tún un ṣe, ó sì sọ ọ́ ní MATE, orúkọ ewé tí wọ́n ń rẹ mu bíi tíì lọ́dọ̀ wọn. Àwọn tó ń ṣe Linux Mint, tí Clement Lefebvre dá sílẹ̀ ní ọdún 2006, ṣe tiwọn tí wọ́n pè ní Cinnamon. Nínú Cinnamon yìí, ẹni tó ti lo Windows àtijọ́ rí kò ní ṣìnà: ọ̀pá iṣẹ́ wà nísàlẹ̀, ibi tí a ti ń ṣí ètò wà ní igun òsì, aago wà ní igun ọ̀tún. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2017, Shuttleworth fúnra rẹ̀ kéde pé òun yóò fi Unity sílẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, Ubuntu ti padà sọ́dọ̀ GNOME, bọ́tìnì tí wọ́n gbé lọ sí òsì sì padà sí ọ̀tún lẹ́yìn ọdún méje.

Kí ẹ má sì rò pé Linux nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2012, Windows 8 yọ bọ́tìnì Start tí gbogbo ayé mọ̀ kúrò. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni wọ́n dá bọ́tìnì náà padà nínú Windows 8.1. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹni tó ń lo Windows ní láti dúró kí olówó rẹ̀ gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ẹni tó ń lo Linux lè dìde lọ́jọ́ kan náà, kí ó wọ ilé mìíràn láàárín agbo ilé kan náà, fáìlì rẹ̀ kò sì ní kúrò níbi tí wọ́n wà.

Bí ará Ìdànrè ṣe kó ilé

Kò sí ìlú tó mọ ọ̀rọ̀ yìí ju Ìdànrè lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, orí òkè ni àwọn baba ńlá wọn ń gbé. Ààfin Ọ̀wá wà lókè, kóòtù wà lókè, ilé ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1896 wà lókè. Ibẹ̀ ni ààbò wà nígbà ogun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun parí, tí ọ̀nà ọkọ̀ àti òwò kòkó dé, òkè tó ti jẹ́ ààbò di ìnira. Ní àwọn ọdún 1920 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ̀dó sí ìsàlẹ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Wọn kò wó ààfin lókè kí wọ́n tó kọ́ ti ìsàlẹ̀. Wọn kò ju àwọn nǹkan àdáyébá sílẹ̀. Títí dòní ni ààfin àtijọ́ wà níbẹ̀, tí Ẹsẹ̀ Agboógùn àti Omi Àpáàrà wà níbẹ̀, tí wọ́n sì ń gòkè lọ fún ọdún ìbílẹ̀. Àjọ UNESCO tilẹ̀ ti kọ orúkọ Òkè Ìdànrè sínú àkójọ àwọn ibi tó lè di ohun ìní àgbáyé láti ọdún 2007. Àwọn àgbà tó sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ náà ní láti kọ́ ọ̀nà odò tuntun, ọ̀nà ọjà tuntun àti ilé aládùúgbò tuntun. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹsẹ̀ wọn mọ̀ ọ́n.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti kọ̀ǹpútà. Ohun tó yí padà ni ojúde. Ohun ìní yín wà nínú yàrá.

Bí ẹ ṣe lè mọ ojú tuntun náà

Ẹ wá bọ́tìnì tó ní àmì fèrèsé lára, èyí tó wà nísàlẹ̀ lápá òsì kíbọọ̀dù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ohun tí ẹ ń wá. Bí ẹ bá kọ Writer, ibi tí a ti ń kọ lẹ́tà á jáde. Bí ẹ bá kọ orúkọ fáìlì yín, òun náà á jáde. Ẹni tó bá mọ èyí nìkan, kò sí Linux òde òní tó lè sọnù nínú rẹ̀ pátápátá.

Ẹni tó gbé 22.04 bọ́ sí 24.04 yóò rí i pé ọ̀rọ̀ Activities tó wà ní igun òkè lápá òsì ti kúrò. Àmì kékeré gígùn kan àti àwọn tó-tò-tó ló rọ́pò rẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń ṣe. Ní igun òkè lápá ọ̀tún, ibi tí a ti ń pa kọ̀ǹpútà, tí a ti ń dín ohùn kù, tí a sì ti ń wá íntánẹ́ẹ̀tì ti di pátákó kan tó ní bọ́tìnì ńláńlá. Ẹni tó ti 20.04 bọ̀ yóò rí i pé àmì fódà ilé rẹ̀ ti kúrò lókè lápá òsì, ó ti wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Kò sọnù, ó kó lọ ni.

Fún ẹ̀yin tí ojú yín kò ríran kedere mọ́, ẹ lọ sínú Settings, ẹ wá Accessibility, kí ẹ tan Large Text. Gbogbo lẹ́tà ojú kọ̀ǹpútà á tóbi lójú ẹsẹ̀. Ìrọ̀rùn yìí nìkan tó fún ẹlòmíràn láti gba ojú tuntun náà tọwọ́tẹsẹ̀.

Ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ kọ nǹkan mẹ́wàá tí ẹ máa ń fi kọ̀ǹpútà ṣe jù lọ sí i. Ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ wá ibi tí ọ̀kan nínú wọn wà nínú ti tuntun, kí ẹ sì kọ ọ̀nà ibẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò ní ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Kí àwọn ọmọ sì má gba máòsì lọ́wọ́ bàbá wọn. Kí wọ́n fọ̀nà hàn án, kí bàbá fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ tó bá ṣe é ni yóò rántí.

Ẹ lè kọ Yorùbá tó jinlẹ̀

Èyí lè dùn mọ́ àwọn tíṣà àti àwọn akọ̀wé ìjọ nínú. Linux ní kíbọọ̀dù Yorùbá nínú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lọ rà á. Nínú Settings, ní abẹ́ Keyboard, ẹ fi Yoruba kún àwọn èdè tó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń fi bírò fa ìlà sábẹ́ ẹ àti ọ lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ ìwé tán, ẹ lè dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ọ̀mọ̀wé Túndé Adégbọlá àti àjọ rẹ̀ ní Ìbàdàn, African Languages Technology Initiative, ti pẹ́ nínú iṣẹ́ àtimú kọ̀ǹpútà gbọ́ èdè wa. Èdè tí a kò bá lè tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, orí ahọ́n nìkan ni yóò kù sí.

Ibi tó kù sí

Kò ní dára ká yin Linux kọjá bó ṣe yẹ. Microsoft Office kì í wọlé sórí rẹ̀ bó ṣe ń wọ Windows. LibreOffice ni ẹ ó máa lò. Ó ń ṣí ìwé Word, ó sì ń tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n tábìlì àti àwòrán inú rẹ̀ lè yẹ̀ díẹ̀ nígbà mìíràn. CorelDRAW tí àwọn oníṣẹ́ ìtẹ̀wé fẹ́ràn kò ní ti Linux. Inkscape ni wọ́n ń lò dípò rẹ̀. Bí a ò bá rí àdàn, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ, ṣùgbọ́n ẹni tí àdàn gan-an jẹ́ ọ̀nà àtijẹ rẹ̀ ní láti rò ó dáadáa. Bí iṣẹ́ yín bá dúró lórí ètò kan tó jẹ́ ti Windows nìkan, ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ẹ lè fi méjèèjì sórí kọ̀ǹpútà kan, kí ẹ máa yan èyí tí ẹ fẹ́ nígbà tí ẹ bá tan án.

Linux náà kò sì kọjá ọwọ́ olè. Ẹni tó bá ń fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ báǹkì rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀, kò sí ètò kọ̀ǹpútà tó lè gbà á sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí kọ̀ǹpútà yín ti wà nílẹ̀ tí wọ́n sọ pé kò wúlò mọ́, ẹ má tíì gbé e fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Ẹ da fáìlì yín kọ síbòmíràn, ẹ wá ọ̀dọ́ kan tó mọ̀ ọ́n, ẹ ní kí ó gbé fláàṣì Linux wá, kí ẹ jọ wò ó. Bí ojú rẹ̀ bá ṣàjèjì sí yín lọ́jọ́ kìíní, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn baba ńlá tó sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Ìdànrè kò mọ ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọn kò tún bi ara wọn léèrè ọ̀nà ọjà mọ́.